Mọnítọ̀ Fífẹ̀ Fún Géèmù Àti Fídíò: Ẹ Wo Gíga Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Íǹṣì

Ẹ kú àtìjọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tí ẹ ń kọ lórí mọnítọ̀ fífẹ̀ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ultrawide, ti pọ̀ débi pé a kúkú ya ojú ewé ti oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un. Fídíò òde ni mo fi ń jẹun, géèmù ni mo fi ń sinmi, iwájú irú mọnítọ̀ yìí náà ni mò ń jókòó sí lójoojúmọ́, torí náà ohun tí ojú mi rí ni mo máa sọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mókólá níbí ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà, tó bá wá di alẹ́ mo máa ń ta géèmù bọ́ọ̀lù àti ti mọ́tò. 24 íǹṣì 1080p ni mò ń lò, ó ti sú mi torí gbogbo ìgbà ni mo máa ń fa timeline, ìyẹn ibi tí fídíò ń tò sí, síwá sẹ́yìn. RTX 3060 ni káàdì àwòrán (graphics card) tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ẹnì kan ní kí n ra 34 íǹṣì tó fẹ̀, ẹlòmíì ní 32 íǹṣì 4K ló dáa jù. Mo tún rí 34 íǹṣì méjì tí owó wọn jìnnà síra, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì owó èkejì, mi ò sì rí ìyàtọ̀ kankan lára wọn. Èwo ni kí n mú?
Ará Mókólá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ibi owó tó jìnnà síra yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú èmi náà. Nígbà tí mo fẹ́ ra mọnítọ̀ fífẹ̀ mi àkọ́kọ́, íǹṣì nìkan ni mo wò, mo rí 34, mo rí owó tó rọ̀, mo sanwó, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo tàn án tán ni mo rí i pé gbogbo lẹ́tà ojú ẹ̀ rí játijàti, etí ọ̀rọ̀ dà bí eyín ayùn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹni tó tà á fún mi ò purọ́ o, 34 íǹṣì ni lóòótọ́, àmọ́ 2560x1080 ni pixel inú ẹ̀, èyí tó gbówó lórí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níjọ́ yẹn jẹ́ 3440x1440, mi ò sì béèrè. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fara dà á kí n tó tà á ní àtàdànù. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Pixel yẹn ni àwọn ẹyọ iná tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán. 2560x1080 ní ẹyọ 2,764,800, 3440x1440 ní 4,953,600, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni ojú mọnítọ̀ méjèèjì fẹ̀. Ó wá dà bí ìgbà téèyàn da gààrí ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi ńlá, gààrí wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù. Nínú íǹṣì kan, olówó pọ́ọ́kú yẹn ní bíi pixel 82, èkejì ní bíi 110. 24 íǹṣì tó wà nílé ẹ báyìí ní bíi 92, ṣó o ti wá rí i pé tó o bá lọ gbé olówó pọ́ọ́kú yẹn, ojú ẹ á kúrò níbi tó mọ́ á bọ́ síbi tó ṣú, owó sì ti jáde lápò ẹ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó o máa bi ẹni tó ń tà á ni pé 3440x1440 ni àbí òun kọ́, tí ò bá lè dá ẹ lóhùn, ní kó tàn án kó o wò ó fúnra ẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni íǹṣì fúnra ẹ̀. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọn mọnítọ̀, kì í ṣe gíga, kì í ṣe fífẹ̀, ìyẹn ni ohun tó bá gùn gbọọrọ ṣe lè ní íǹṣì púpọ̀ kó má sì ga rárá. 34 íǹṣì tó fẹ̀ ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 33, ó fẹ̀ tó 80. 27 íǹṣì lásán náà ga tó 33 àti díẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 60. Ìyẹn ni pé 27 íǹṣì tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 20 kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ò ń rà. 32 íǹṣì 4K tí wọ́n sọ fún ẹ yẹn ga tó 40, ó fẹ̀ tó 71. Àwọn tó máa ń kábàámọ̀ jù ni àwọn tó ra 29 íǹṣì fífẹ̀, torí gíga ẹ̀ ò ju bíi 28 lọ, 24 íǹṣì tó o ń ráhùn lé lórí yìí ga jù ú lọ! Yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò, fi wọn ògiri tó wà lẹ́yìn tábìlì ẹ, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, jókòó síwájú ẹ̀ kó o wò ó dáadáa kó o tó náwó.

Ó wá ku iṣẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó tí wọ́n ká fún wákàtí mẹ́fà, kámẹ́rà mẹ́ta, ohùn alága ìdúró, ohùn alága ìjókòó, ohùn eléré, gbogbo ẹ̀ tò gbọọrọ sórí timeline, irú ibẹ̀ ni fífẹ̀ ti wúlò. Ohun tí 3440 máa fi hàn ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí 1920 tìẹ ń fi hàn. Èmi máa ń kó clip sápá òsì, mo máa ń gbé àwòrán sáàárín, àwọ̀ àti effect á wà lápá ọ̀tún, timeline á wá na gbogbo ìsàlẹ̀ já. Tí ìyàwó bá tún ní òun fẹ́ ti TikTok, èyí tó dúró lóòró yẹn, àyè wà láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Lórí 32 íǹṣì 4K náà àyè wà, mi ò ní purọ́ fún ẹ, gíga ẹ̀ tiẹ̀ dáa gan-an fún ẹni tó ń to track mẹ́wàá mẹ́wàá lérí ara wọn, tó bá jẹ́ fídíò nìkan lò ń ṣe mi ò ní bá ẹ jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé dandan ni 4K torí pé 4K ni kámẹ́rà ẹ ń ká, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Fídíò tó o bá gbé jáde ò mọ irú mọnítọ̀ tó o fi gé e. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá focus dúró dáadáa, fi àwòrán sí 100% kó o yẹ̀ ẹ́ wò, ó tán.

Géèmù ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yanjú lójú tèmi. RTX 3060 káàdì tó dáa ni, ṣùgbọ́n 4K jẹ́ pixel 8,294,400 tí káàdì gbọ́dọ̀ máa tún yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kí géèmù tó lọ geere, ìyẹn á wọ̀ ọ́ lọ́rùn. 3440x1440 ò ju bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ náà, ó ju ìlọ́po méjì 1080p tó ti mọ́ káàdì ẹ lára, torí náà má retí pé géèmù tó ń sá 100 tẹ́lẹ̀ á ṣì máa sá 100, wàá gbé setting wálẹ̀ sí àárín, wàá tan DLSS, tó máa ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́. Ti géèmù mọ́tò, ńṣe ló máa dà bíi pé inú mọ́tò lo jókòó sí, wàá máa rí igi ọ̀tún àti ti òsì tó ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ, mi ò tíì rí ẹni tó tọ́ ọ wò tó fẹ́ padà. Ní ti Hz, ìyẹn iye ìgbà tí mọnítọ̀ ń tún àwòrán yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 sí 144 ti tó ẹ, èyí tó ní 240 á jẹ owó ẹ lásán torí káàdì ẹ ò lè bọ́ ọ yó.

Tó bá ṣe èmi ni, 34 íǹṣì, 3440x1440, IPS (oríṣi ojú mọnítọ̀ kan, mo ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìdáhùn tó kàn), 100 sí 144Hz ni mo máa gbé. Tí owó ò bá tíì pé, dúró, fi oṣù méjì sí i tọ́jú owó, má fọwọ́ kan 2560x1080 yẹn ní 34 íǹṣì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Obìnrin ni mí, fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Oníbàárà mi kan fa ìjà torí pé gèlè aṣọ ẹbí wọn tó jẹ́ wine di pupa tó ń tàn yòò lórí fóònù gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ lójú mọnítọ̀ mi ó rí bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ ra èyí tó fẹ̀ báyìí, wọ́n ń dárúkọ IPS, VA, OLED pé oríṣi ojú mọnítọ̀ ni wọ́n, orí mi ti dàrú.
Olùkàwé láti Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń wá àwọ̀ aṣọ ẹbí kiri láti Òkè-Fìà dé Gbàgì, kó tó di pé wọ́n rí èyí tó bára mu, á mọ ìdí tí inú fi bí wọn, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ rèé. Mọnítọ̀ yín ń fi àwọ̀ hàn ní rẹ́súrẹ́sú, tàbí ó ń fa sápá búlúù, ẹ̀yin wá ń fi pupa kún gèlè yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí bíi wine lójú yín, àwọn fóònù tí ojú wọn mọ́ wá gbé gbogbo pupa tí ẹ fi kún un jáde. Mọnítọ̀ tó ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an ni ẹ nílò, kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ kí nǹkan dùn ún wò.

Torí ìyẹn, IPS ni mo máa ní kí ẹ mú. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, lórí ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ìyẹn ṣe pàtàkì gidi, torí pé kódà tí ẹ bá jókòó sí àárín, etí ọ̀tún àti etí òsì ò sí níwájú yín gan-an. Àléébù ẹ̀ ni pé dúdú ẹ̀ kì í dúdú dénú, nínú yàrá tó ṣókùnkùn á máa rí bí eérú. VA ló dáa jù ú ní ti dúdú, ìyàtọ̀ láàárín funfun àti dúdú lára VA sábà máa ń tó 3000 sí 1, ti ọ̀pọ̀ IPS jẹ́ nǹkan bíi 1000 sí 1, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta géèmù fi fẹ́ràn ẹ̀, ó sì máa ń dínwó. Ṣùgbọ́n tí nǹkan dúdú bá ń rìn lórí VA ó máa ń fa ìrù lẹ́yìn, pàápàá fídíò alẹ́, àwọ̀ awọ ara àwa èèyàn dúdú náà sì wà lára ohun tó máa ń ṣú pọ̀ tí ẹ ò bá jókòó síwájú ẹ̀ dáadáa. Èmi ò lè fi gé fọ́tò òkú àgbà tí gbogbo ẹbí wọ dúdú.

OLED lẹ́wà, ẹ̀rí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n sọ nǹkan míì. Láti ọdún 2022 tí Alienware AW3423DW ti jáde, 34 íǹṣì tó kọ́kọ́ lo QD-OLED (irú OLED kan), ni àwọn tó ń ta géèmù ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, dúdú ẹ̀ dúdú bí ẹni pa iná, nǹkan tó ń sáré ò sì ní ìrù rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún irú iṣẹ́ wa ni pé ohun tó bá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ lè tẹ àpá sójú ẹ̀. Taskbar Windows, etí timeline, àwọn bọ́tìnì tí kì í kúrò níbi tí wọ́n wà, ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́jọ gé fídíò lóòjọ́ á máa fi gbogbo ìwọ̀nyẹn síbì kan náà lójoojúmọ́. Tí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa taskbar mọ́, ẹ má gbé iná ẹ̀ dókè pátápátá, ẹ rí i pé àpá yẹn wà nínú wáráǹtì. Lẹ́tà kéékèèké náà máa ń ní àwọ̀ díẹ̀ létí lórí QD-OLED, èyí máa ń dá àwọn kan lágara, àwọn kan ò sì ní rí i títí ayé.

Nínú bébà tó bá a wá, ẹ wá 100% sRGB ó kéré tán, torí ìyẹn ni àwọ̀ tí fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò jù. DCI-P3 jẹ́ ti sinimá, ó dáa kó wà, bíi 90% sókè. Delta E, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe yà kúrò lójú òótọ́, tí ò bá tó 2 túmọ̀ sí pé ojú èèyàn ò ní tètè rí àṣìṣe àwọ̀ náà. Ẹ má fi owó kún un torí àkọlé HDR 400 o, iná rẹ̀ ò lágbára tó láti fi HDR tòótọ́ hàn, ìyẹn àwòrán tí ibi tó mọ́ ń mọ́ gan-an, tí dúdú ń dúdú dénú. Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ wọ inú menu ẹ̀, ẹ kúrò ní Vivid tàbí Game, ẹ fi sí sRGB, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù, kí fèrèsé má sì wà ní ọ̀kánkán ẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ojú mọnítọ̀ láti tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe, colorimeter ni wọ́n ń pè é, ó wọ́n fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ayàwòrán mẹ́fà bá dáwó jọ bí ẹní dá àjọ, ẹ rà á, kó máa yí ká, oníkálukú á fi tún tiẹ̀ ṣe lóṣooṣù. Àwa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ti kó ọ̀pọ̀ ìjà kúrò láàárín àwa àti oníbàárà.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá mi, PS5 ni mo ní, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ṣé àwòrán ẹ̀ á kún ojú mọnítọ̀ fífẹ̀?
Láti Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Kò ní kún o. PS5 àti Xbox ò mọ ojú tó fẹ̀ ju 16:9 lọ, ìyẹn bí ojú tẹlifíṣọ̀n lásán ṣe rí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni PS5 ti ń gba 1440p (2560x1440), torí náà lórí 3440x1440 á lo 2560 láàárín, dúdú á wá dúró lọ́tùn-ún lósì, pixel 440 lápá kọ̀ọ̀kan tó o sanwó fún tó ò ní lò. Má sì jẹ́ kí mọnítọ̀ fà á kún, gbogbo agbábọ́ọ̀lù á fẹ̀ sódì. 27 íǹṣì 1440p tàbí tẹlifíṣọ̀n 4K ló yẹ ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà pàápàá, àwọn géèmù kan ò gba fífẹ̀ yìí, Elden Ring ń fi dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́, Valorant náà ò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti rí ju ẹlòmíì lọ, torí náà kẹ́ni tó bá ń ka èyí kọ́kọ́ wádìí géèmù tó fẹ́ràn jù.

Ìbéèrè: Kí ni 1000R, 1500R, 1800R tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀?
Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Títẹ̀ ẹ̀ ni. Tí ẹ bá to mọnítọ̀ irú ẹ̀ yí ká títí tó fi di òbìrí kíkún, mìlímítà láti àárín òbìrí yẹn dé ojú mọnítọ̀ ni nọ́ńbà yẹn, torí náà bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ló ṣe ń tẹ̀ sí i. 1000R tẹ̀ gan-an, géèmù nìkan ni mo lè fi ṣe. Ẹni tó bá ń gé fọ́tò ilé tàbí tó ń kọ orúkọ sórí fídíò nílò ìlà tó tọ́, 1800R ò ní dí i lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Peckham ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọkùnrin mi tó wà ní yunifásítì ní 49 íǹṣì ni òun fẹ́, pé òun máa fi kàwé òun á fi ta géèmù, òun á tún máa fi gé fídíò ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tábìlì yàrá ẹ̀ ò ju mítà kan lọ. Ṣé kí n rà á fún un?
Ìyá ọmọ, Peckham

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ ó jèrè wọn. Tábìlì yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín ná. 49 íǹṣì jẹ́ 27 íǹṣì méjì tí wọ́n so pọ̀ láìsí férémù láàárín, fífẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20, bó bá tiẹ̀ tẹ̀ á ṣì yọ lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà á sì gba gbogbo ibi tó yẹ kó gbé ìwé sí. Pixel ẹ̀ jẹ́ 7,372,800, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4K, torí náà kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an ló lè fi ta géèmù lórí ẹ̀, ẹ bi í léèrè irú káàdì tó wà nínú tiẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn. Mi ò sọ pé kí ẹ má tẹ́ ẹ lọ́rùn o, ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé fídíò ṣọ́ọ̀ṣì yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. 34 íǹṣì 3440x1440 á gba orí tábìlì yẹn, owó tó bá ṣẹ́ kù ẹ fi ra àga tó dáa fún un, ẹ̀yìn ẹ̀ á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí òfin Ìlú Ọba fún yín láyè ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé ọwọ́ yín láti sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́. Kó má tíì ju páálí ẹ̀ nù.

Ìbéèrè: Mo ti ra 34 íǹṣì 3440x1440, wọ́n kọ 144Hz sára ẹ̀, ṣùgbọ́n Windows ń sọ pé 50Hz. Ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?
Láti Ìlọrin

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. HDMI 1.4 àtijọ́ ò lè gbé ju nǹkan bíi 50Hz lọ lórí 3440x1440, HDMI 2.0 lè gbé e dé 100, DisplayPort 1.4 ló máa gbé 144 láìlàágùn. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín, ẹ lo DisplayPort láti ara graphics card fúnra ẹ̀, kì í ṣe ihò tó wà lára motherboard lókè o, àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display, ẹ fọwọ́ ara yín yan 144 níbẹ̀, torí Windows kì í sábà yàn án fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, tí HDMI ẹ̀ bá ti pẹ́, ẹ wo USB-C ẹ̀ bóyá ó lè gbé àwòrán, àwọn mọnítọ̀ kan tiẹ̀ máa ń ti ibẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù ní iná, 65W tàbí 90W, wáyà kan ṣoṣo á wá ṣe gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè: Iná àdúgbò wa kì í dúró. Ṣé mọnítọ̀ ńlá báyìí ò ní fa bátìrì inverter mi gbẹ?
Láti Ìkòròdú

Ìdáhùn: Mọnítọ̀ kọ́ ni ọ̀tá yín. 34 íǹṣì IPS tí wọn ò gbé iná ẹ̀ dókè sábà máa ń jẹ nǹkan bíi 40W sí 60W, gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Graphics card ló ń jẹ ẹ́, RTX 3060 nìkan lè jẹ 170W nígbà géèmù, ká tó wá ka ìyókù. Tí ẹ bá wà lórí bátìrì, ẹ fi géèmù sí 60 fps (àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kó má kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé bátìrì á pẹ́ sí i. Fún fídíò, ẹ ra UPS sáàárín kọ̀ǹpútà àti inverter, kì í ṣe torí mọnítọ̀ o, torí iṣẹ́ ni. Ẹni tí iná bá ti lọ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí fídíò ń jáde, tó ti ṣe wákàtí méjì, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè: Tòkunbọ̀ ni agbára mi ká. Mo fẹ́ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n wò kí wọ́n má fi àlòkù tó ti bàjẹ́ lé mi lọ́wọ́?
Láti Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tiyín dání. Fídíò tí wọ́n máa ń gbé sí i nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́, òdòdó, ìlú òyìnbó lóru, àwọ̀ inú ẹ̀ ń yí kíákíá débi pé àléébù ò ní ráyè hàn. Láti ilé ni kí ẹ ti ṣe àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo tó bo gbogbo ojú ẹ̀, funfun, dúdú, eérú, pupa, ewé àti búlúù. Ẹ gbé wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí funfun ni ẹ máa ti rí ibi tí nǹkan ti tẹ̀ ẹ́ tàbí tí pixel ti kú, lórí dúdú ni ẹ máa ti rí pixel tó kọ̀ tí ò paná àti iná tó ń yọ létí, lórí eérú ni àpá OLED ti máa ń jáde. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ owó lọ, torí àwọn ìlà kan wà tí kì í yọ àfi tó bá gbóná.

Ẹ lọ sínú Windows, ẹ rí i pé 3440x1440 ló kọ, kí ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ìyẹn. Ẹ ki wáyà bọ gbogbo ihò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ara adapter ẹ̀, tó bá kọ 100-240V kò séwu, tó bá jẹ́ 120V nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná tiwa á sun ún. Ẹ béèrè ẹsẹ̀ ẹ̀ àti gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀, àwọn kan á ti sọ ọ́ nù, tí ò bá sí, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ihò mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní VESA 100x100 wà níbẹ̀, kí ẹ lè gbé e kọ́ apá tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, kí ẹ sì yọ owó ẹsẹ̀ yẹn kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Wáráǹtì ọ̀sẹ̀ kan pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà ara mọnítọ̀ yẹn.

Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ má fi dùbúlẹ̀ sínú bùùtù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù lé e. Ní ìdúró ni kó wà, lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò, kí ojú ẹ̀ kọ sí fómù àga, kí ẹ fi bẹ́líìtì dè é bí ẹni dè ọmọ.